Ìṣirò Owó Ẹ̀kọ́ ní Òkè-Òkun: Ohun tí Ìdílé Ìsánlú Gbọ́dọ̀ Kọ Sílẹ̀ Kí Ọmọ Tó Gbéra

Ètò ìnáwó ẹ̀kọ́ ní òkè-òkun ni àkọsílẹ̀ tí ó ń fi ohun mẹ́rin hàn kí akẹ́kọ̀ọ́ tó kúrò nílé: iye owó tí yóò ná, ọjọ́ tí yóò ná an, irú owó tí yóò fi ná an, àti ẹni tí yóò mú owó náà wá. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ti àkọ́kọ́ nìkan ni ọ̀pọ̀ ìdílé máa ń ṣe ìṣirò rẹ̀. Wọn a béèrè pé èló ni gbogbo rẹ̀, wọn a gbọ́ iye kan lẹ́nu aṣojú tí ń bá ènìyàn ṣètò físà, wọn a sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá iye náà kiri. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn mẹ́ta tó kù ni ó sábà máa ń dá akẹ́kọ̀ọ́ dúró ní agbede méjì ọ̀nà. Ní Ìsánlú, tí ó jẹ́ olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Yàgbà Ìlà-Oòrùn ní Ìpínlẹ̀ Kogí, níbi tí owó oko ti ń wọlé ní àsìkò kan péré nínú ọdún, tí owó oṣù òṣìṣẹ́ kò sì tó nǹkan, ọjọ́ tí owó yóò jáde ṣe pàtàkì ju àròpọ̀ rẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí sì dá lé lórí.

Ìfẹ́ ẹ̀kọ́ kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Òkun, tí Ìsánlú wà nínú rẹ̀. Láti ìgbà tí Tommy Titcombe, míṣọ́nnárì ẹgbẹ́ SIM, ti dé Ẹ̀gbẹ̀ ní 1908, títí dé 1951 tí a dá Titcombe College sílẹ̀ ní ìlú kan náà, ìwé ni ọ̀pọ̀ ìdílé ní Yàgbà fi ń díwọ̀n ìlọsíwájú, ọ̀pọ̀ bàbá sì ti ta iṣu inú abà tán nítorí owó ilé-ìwé. Ohun tí ó yí padà ni ẹni tí ń san owó òkè-òkun. Nígbà kan rí, ìjọba, ìjọ tàbí ilé-iṣẹ́ ni ó sábà máa ń rán ènìyàn lọ, ẹni tí wọ́n sì rán kò ní ohun púpọ̀ láti ṣírò ju bí yóò ṣe ṣọ́ owó ọwọ́ rẹ̀ ná. Lóde òní, ìdílé fúnra rẹ̀ ni agbátẹrù, òun ni báńkì, òun náà ni yóò sì ru gbèsè bí ìṣirò bá yẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan yóò mú ọ̀rọ̀ náà ṣe kedere. Bí ọmọ Ìsánlú kan tí ó ti gba oyè àkọ́kọ́ ní Ìlọrin bá fẹ́ lọ ka oyè kejì ọlọ́dún kan ní Ìlú Ọba, ní ìlú tí kì í ṣe Lọ́ńdọ̀nù, tí yunifásítì rẹ̀ sì béèrè £16,000 fún owó ẹ̀kọ́, owó ẹ̀kọ́ yìí ni gbogbo ilé yóò máa pe orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí ẹni tí ń bèèrè físà akẹ́kọ̀ọ́ fi hàn pé òun ní owó ìgbọ́bùkátà, ìyẹn owó ilé, oúnjẹ, ọkọ̀ àti aṣọ. Láti oṣù Bélú 2025, iye náà jẹ́ £1,171 fún oṣù kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀yìn odi Lọ́ńdọ̀nù àti £1,529 nínú Lọ́ńdọ̀nù, fún oṣù mẹ́sàn-án ó pọ̀ jù. Oṣù mẹ́sàn-án ní ẹ̀yìn odi Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ £10,539. Owó ìwé físà di £524 ní oṣù Igbe 2025. Owó ìlera wà níbẹ̀ pẹ̀lú, èyí tí àlejò ń san ṣáájú kí ó tó lè lo ilé-ìwòsàn ìjọba wọn: £776 lọ́dún fún akẹ́kọ̀ọ́ láti oṣù Èrèlé 2024. Níwọ̀n bí físà oyè kejì ọlọ́dún kan ti máa ń fi oṣù mẹ́rin lé ọdún náà, tí a sì ń san ìdajì owó ọdún fún àjẹkù oṣù tí kò ju mẹ́fà lọ, owó ìlera náà yóò di £1,164.

Àròpọ̀ gbogbo rẹ̀ jẹ́ £28,227. Bí a bá fi ₦2,000 ṣírò pọ́n-ùn kan, kí ìṣirò lè rọrùn, ó di ₦56,454,000. Kí ẹni tí ń gbé Ìsánlú lè mọ ìwọ̀n ohun tí à ń sọ, kí ó rántí pé owó oṣù tí ó kéré jù tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Kogí fọwọ́ sí ní 2024 jẹ́ ₦72,500, èyí tí í ṣe ₦870,000 lọ́dún. Owó físà nìkan, tí ó jẹ́ ₦1,048,000, ti ju owó oṣù ọdún kan gbáko lọ. Owó ìlera, tí ó jẹ́ ₦2,328,000, sì ju ti ọdún méjì ààbọ̀ lọ. Owó méjèèjì yìí kò kan yunifásítì rárá, ọjọ́ tí a bá ń kún ìwé físà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni a ń san wọ́n. A kò tíì ka ìwé ẹ̀rí àyẹ̀wò ikọ́ àwúbì tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà tí yóò pẹ́ níbẹ̀ ju oṣù mẹ́fà lọ, owó ọkọ̀ láti Ìsánlú lọ sí Àbújá tàbí Èkó fún àyẹ̀wò náà àti fún títẹ ìka, ibi tí yóò sùn sí lọ́hùn-ún, àti owó ọkọ̀ òfuurufú.

Níbi oṣù mẹ́sàn-án yìí ni ọ̀pọ̀ ìṣirò ti ń yẹ̀. Oṣù mẹ́sàn-án ni ìjọba ní kí a fi hàn, ṣùgbọ́n oṣù méjìlá ni ẹ̀kọ́ oyè kejì ń gbà, onílé kì í sì í yọ̀ǹda oṣù mẹ́ta fún ẹnikẹ́ni. Iye oṣù mẹ́ta tí kò sí nínú ìwé yẹn, ní £1,171 lóṣù, jẹ́ £3,513, èyí tí ó lé ní ₦7,000,000. Owó tí ìjọba béèrè ni ìwọ̀n tí ó kéré jù tí ẹnu ibodè wọn lè gbà, kì í ṣe iye tí ìgbé-ayé yóò gbà. Ìdílé tí ó bá fi iye ìjọba ṣe ètò rẹ̀ ti ṣe ètò ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ọdún.

Oṣù àkọ́kọ́ sì ni ó máa ń jẹ owó jù. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 2019 kò jẹ́ kí onílé gba ju ọ̀sẹ̀ márùn-ún owó ilé lọ gẹ́gẹ́ bí owó ìdúró tí yóò dá padà nígbà tí ayálégbé bá ń lọ, nígbà tí owó ọdún kò bá ti tó £50,000. Ṣùgbọ́n fún ọdún púpọ̀ ni àwọn onílé ti ń béèrè onídùúró tí ń gbé Ìlú Ọba lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ti òkèèrè wá, wọ́n sì máa ń ní kí ẹni tí kò bá ní onídùúró san owó oṣù púpọ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìnira ilé gbígbé yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, WASU, tí Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1925, wá owó kiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fún ọdún bíi mélòó kan kí ó tó lè ṣí ilé ìgbé fún akẹ́kọ̀ọ́ ní 1933, nítorí pé àwọn onílé kì í fẹ́ gba aláwọ̀ dúdú sílé. Ìdí mìíràn ni onílé òde òní ń wí, àmọ́ ẹni tí kò bá ní ènìyàn lọ́hùn-ún ṣì ni ó ń san jù. Ìdẹ̀ra kan wà tí ó yẹ kí a mọ̀: ilé tí ó jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ alákòókò kíkún nìkan ni ó ń gbé inú rẹ̀ kì í san owó orí ilé tí wọ́n ń pè ní council tax, ṣùgbọ́n bí akẹ́kọ̀ọ́ bá lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ń ṣiṣẹ́ gbé, ìwé owó náà yóò máa wá sí ilé ẹ̀gbọ́n yẹn.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tí ó nira jù, ìyẹn owó àfihàn, tí àwọn aṣojú físà ń pè ní POF. Owó àfihàn ni owó ẹ̀kọ́ tí a kò tíì san pẹ̀lú owó ìgbọ́bùkátà, tí ó gbọ́dọ̀ wà nínú àpò báńkì fún ọjọ́ 28 léraléra láìdín ní kọ́bọ̀ kan, tí ọjọ́ ìkẹyìn àkọsílẹ̀ báńkì náà kò sì gbọdọ̀ ju ọjọ́ 31 lọ ṣáájú ọjọ́ tí a bèèrè físà. Òfin náà sọ ẹni tí ó lè ni àpò báńkì ọ̀hún: akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀, ọkọ tàbí aya rẹ̀, òbí rẹ̀, tàbí alágbàtọ́ tí òfin mọ̀, bí ó bá jẹ́ ti òbí, ìwé ìbí ọmọ àti lẹ́tà ìyọ̀ǹda gbọ́dọ̀ bá a rìn. Àwọn ará Òkun ní láti fetí sí èyí dáadáa, nítorí pé lójú òfin yìí, àbúrò bàbá kì í ṣe bàbá, ẹ̀gbọ́n tí ó tọ́ni dàgbà láìsí ìwé ilé-ẹjọ́ kì í sì í ṣe òbí. Owó tó wà ní àpò ẹ̀gbọ́n ní Àbújá kò lè ran físà lọ́wọ́ àfi bí a bá gbé e sínú àpò ọmọ tàbí ti òbí rẹ̀, tí ó sì jókòó síbẹ̀ pé ọjọ́ 28. Ọ̀pọ̀ ẹbí tí owó wọn pé ni físà ti bọ́ mọ́ lọ́wọ́ nítorí pé ibi tí owó náà sùn kò bá òfin mu.

Níbi tí owó kò bá ti pé ni òwò yíyá owó àfihàn ti ń rí ọjà tà. Ẹnì kan yóò gbé owó ńlá sínú àpò ọmọ fún nǹkan bí oṣù kan, yóò gba èlé tirẹ̀ ṣáájú, yóò sì kó owó rẹ̀ lọ ní gẹ́rẹ́ tí ìwé físà bá ti wọlé. Àwọn tí ń ṣe òwò yìí a máa sọ pé ìrànlọ́wọ́ ni. Ní ti ìṣirò, kì í ṣe ìrànlọ́wọ́ rárá, nítorí pé ìbéèrè kan ṣoṣo tí owó àfihàn wà láti dáhùn ni bóyá ọmọ yóò rí jẹ, ọjọ́ tí a bá sì ti yá owó náà ni ìdílé ti dáhùn pé kò ní rí jẹ, tí wọ́n sì tún sanwó fún ìdáhùn yẹn. Bí ìwé báńkì bá wá jẹ́ ayédèrú, ọ̀rọ̀ náà kúrò ní ti ìṣirò: ẹni tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bá mú pé ó fi ẹ̀tàn bèèrè físà lè pàdánù àyè láti wọ ibẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá.

Ìlànà Jámánì àti ti Kánádà sàn ju èyí lọ, bí ó tilẹ̀ dà bí ẹni pé ó le. Ní Jámánì, akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi owó ọdún kan sí àpò tí a tì pa, èyí tí wọ́n ń pè ní Sperrkonto. Láti oṣù Owewe 2024, iye rẹ̀ jẹ́ €11,904, báńkì náà kò sì ní jẹ́ kí ó fà ju €992 lọ lóṣù kan. Ní Kánádà, ìwé ìdókòwò tí a mọ̀ sí GIC ń ṣe iṣẹ́ kan náà. C$10,000 péré ni ìjọba Kánádà ń béèrè fún ìgbọ́bùkátà fún ọdún púpọ̀. Ó fò sókè sí C$20,635 ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2024, ó sì di C$22,895 ní oṣù Owewe 2025. Bí alájọ tí kì í jẹ́ kí oníṣòwò kó owó àjọ rẹ̀ kí ọjọ́ tó pé ni báńkì àwọn orílẹ̀-èdè méjì yìí ń ṣe sí akẹ́kọ̀ọ́, ayánilówó ọlọ́jọ́ 28 kò sì rí ọ̀nà wọlé síbẹ̀. Jámánì tún ní àǹfààní mìíràn: ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba níbẹ̀ kì í gba owó ẹ̀kọ́, yàtọ̀ sí ìpínlẹ̀ Baden-Württemberg, tí ó ti ń gba €1,500 ní sáà kọ̀ọ̀kan láti 2017 lọ́wọ́ ẹni tí kò ti Ìṣọ̀kan Yúróòpù wá, àti àwọn yunifásítì díẹ̀ mìíràn bíi TU ti Munich. Ìdílé Ìsánlú tí kò lè rí £28,000 lè rí €11,904 bí ó bá fi ọdún méjì tàbí mẹ́ta múra. Ó yani lẹ́nu pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ẹnu ṣì ń pè.

Ìgbà ni ó tún kàn. Lára ohun tí ń mú owó gidi wọ Ìsánlú ni kajú, àsìkò rẹ̀ sì ni láti bí oṣù Èrèlé títí dé Èbìbí. Iṣu àti ẹ̀gẹ́ ń mú díẹ̀díẹ̀ wá lẹ́yìn náà. Sáà ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń bẹ̀rẹ̀ ní Owewe. Kí yunifásítì tó fún akẹ́kọ̀ọ́ ní nọ́ńbà CAS, tí í ṣe ẹ̀rí ìgbàwọlé tí a kò lè bèèrè físà láìní í, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fẹ́ kí ó ti san apá kan owó ẹ̀kọ́, apá yìí sì máa ń bọ́ sí àárín Òkúdù sí Ògún. Títí dé ibẹ̀, ọjọ́ oko àti ọjọ́ yunifásítì ṣì bára mu, nítorí pé owó kajú ṣì wà nílé. Ìpín kejì owó ẹ̀kọ́ ni ó máa ń bọ́ sí Ṣẹ́rẹ́ tàbí Èrèlé, nígbà tí ọyẹ́ mú, tí òdòdó kajú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, tí ọdún Kérésì sì ti kó ìwọ̀nba tí ó kù lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá sọ fún pé kí ó máa lọ, pé a óò fi ìyókù ránṣẹ́, ń lọ pẹ̀lú gbèsè tí ọjọ́ rẹ̀ bọ́ sí oṣù tí kò sí owó nílé.

Láàárín ìpín kìn-ín-ní sí ìkejì, náírà lè ṣubú. Ìtàn ti sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ní gbangba. Ní 1985, dọ́là kan kò tó náírà kan ní ọjà ìjọba. Ní Owewe 1986, ìjọba ológun ìgbà náà ṣí ọjà pàṣípààrọ̀ tí a ń pè ní SFEM, nígbà tí ó sì di 1987, dọ́là kan ti tó nǹkan bí ₦4, tí àwọn òbí tí ọmọ wọn wà lọ́hùn-ún fi rí i pé owó tí àwọn ti fi pamọ́ kò tó ìdá mẹ́rin ohun tí ó wà fún mọ́. Ní Òkúdù 2023, Báńkì Àpapọ̀ tú ọjà pàṣípààrọ̀ sílẹ̀. Dọ́là tí ó jẹ́ nǹkan bí ₦470 ní ọjà ìjọba ti kọjá ₦1,500 nígbà tí Èrèlé 2024 fi ń parí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó san ìpín kìn-ín-ní kí náírà tó ṣubú kò rí ibì kankan bẹ̀bẹ̀ sí, nítorí pé pọ́n-ùn ni yunifásítì bá a dá àdéhùn, kì í ṣe náírà.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Yunifásítì Teesside ní Middlesbrough, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní oṣù Èbìbí 2024, ni ẹ̀rí tí ó hàn jù. BBC ròyìn pé a yọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà kan kúrò nínú ẹ̀kọ́ wọn nítorí pé wọn kò rí owó ẹ̀kọ́ san lásìkò lẹ́yìn tí náírà wó, a sì pàṣẹ pé kí wọ́n fi ilẹ̀ náà sílẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ṣe ìwọ́de nínú ọgbà yunifásítì. Ìdáhùn yunifásítì náà ni pé àìsan owó jẹ́ rírú òfin físà, àti pé ó di dandan kí àwọn fi tó ìjọba létí. Ẹ̀dùn ni ìròyìn náà, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń kọ́ olùṣirò ni pé yunifásítì kì í ṣe ẹni tí a kàn jẹ ní gbèsè lásán tí a lè bẹ̀. Òun ni onídùúró akẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ ìjọba, ọjọ́ tí ó bá sì yọwọ́, físà kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi dúró mọ́.

Nítorí náà, ètò ìnáwó tí ó péye gbọ́dọ̀ fi iye pàṣípààrọ̀ tí ó burú ju ti òní lọ ṣe ìṣirò. Bí pọ́n-ùn bá jẹ́ ₦2,000, kí ìdílé fi ₦2,600 ṣírò ohun tí wọn kò tíì san. Bí kajú bá ti mú owó wọlé, kí wọ́n yí apá tí ó jẹ́ ti ẹ̀kọ́ sí pọ́n-ùn tàbí dọ́là lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí wọ́n sì fi sí àpò owó ilẹ̀ òkèèrè tí báńkì ń pè ní domiciliary, dípò kí wọ́n máa retí pé náírà yóò gbérí. Kí wọ́n béèrè ìwé Form A ní báńkì, èyí tí Báńkì Àpapọ̀ ṣe fún ríra owó òkèèrè fún owó ilé-ẹ̀kọ́, tí báńkì yóò sì fi owó náà ránṣẹ́ sí yunifásítì tààrà. Bí yunifásítì bá ń fún ẹni tí ó san gbogbo owó lẹ́ẹ̀kan ní ẹ̀dínwó, ẹ̀dínwó náà kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ àǹfààní tó wà nínú pé ìpín kejì kò sí mọ́.

Ìrètí kan wà tí gbogbo ìdílé fi ń tu ara wọn nínú, pé ọmọ yóò ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún. Kí a ṣírò ó. Físà akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Ìlú Ọba kò gbà ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ nígbà sáà ẹ̀kọ́. Owó iṣẹ́ tí ó kéré jù fún ẹni tí ó ti pé ọmọ ọdún 21 di £12.21 fún wákàtí kan ní Igbe 2025. Wákàtí 20 jẹ́ £244.20 lọ́sẹ̀, ìyẹn nǹkan bí £1,058 lóṣù, bí ó bá rí gbogbo wákàtí náà ṣe ní gbogbo ọ̀sẹ̀ láìṣàìsàn, láìṣe ìdánwò. Iye yìí kò tíì tó £1,171 tí ìjọba ní kò gbọdọ̀ dín fún jíjẹ àti mímu, áńbọ̀sì owó ẹ̀kọ́. Ohun mìíràn tí ọ̀pọ̀ kì í mọ̀ ni pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí akẹ́kọ̀ọ́ oyè àkọ́kọ́ fi ń ṣe ìsinmi jẹ́ àkókò ìwé ìwádìí fún akẹ́kọ̀ọ́ oyè kejì, sáà ẹ̀kọ́ sì ni lójú òfin, wákàtí 20 náà kò sì yí padà. Iṣẹ́ ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lè ra oúnjẹ. Ẹni tí ó bá fi sí ibi owó ẹ̀kọ́ nínú ìwé ìṣirò ti kọ irọ́ síbẹ̀. Láti Ṣẹ́rẹ́ 2024 pàápàá, oyè kejì tí kì í ṣe ti ìwádìí kò gba akẹ́kọ̀ọ́ láyè láti mú aya tàbí ọkọ dání, nítorí náà ètò àtijọ́ tí aya fi ń ṣiṣẹ́ kí ọkọ lè kàwé ti dópin.

Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ náà gba ìṣirò. Ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ Chevening àti ti Commonwealth a máa san gbogbo rẹ̀ fún ìwọ̀nba ènìyàn. Ọ̀pọ̀ ẹ̀bùn mìíràn jẹ́ ẹ̀dínwó lásán, tí ó ń dín £16,000 kù sí £13,000, tí ìdílé a sì máa jó pé ọmọ gba ẹ̀bùn. Owó ìjọba tiwa pàápàá kì í ṣe ohun tí a lè fi gbogbo ara tẹ̀: àwọn tí ìjọba àpapọ̀ rán lọ sí Rọ́ṣíà, Mòrókò àti àwọn ibòmíràn lábẹ́ àdéhùn ẹ̀kọ́ láàárín orílẹ̀-èdè méjì tí a ń pè ní BEA jìyà àìrí owó gbà fún ọ̀pọ̀ oṣù, a tún dín owó oṣù wọn kù, nígbà tí ó sì di 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé a ti fòpin sí ètò náà. Ọ̀nà Amẹ́ríkà, níbi tí ọmọ tí ó mọ̀wé ti lè di olùrànlọ́wọ́ olùkọ́ kí yunifásítì sì dá owó ẹ̀kọ́ sí fún un kí ó tún fún un ní owó ìjẹun, ni ó dára jù fún ọmọ tálákà, ṣùgbọ́n ní Ọ̀pẹ 2025 ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé láti ọjọ́ kìn-ín-ní Ṣẹ́rẹ́ 2026, àwọn yóò dá fífún ọmọ Nàìjíríà ní físà akẹ́kọ̀ọ́ dúró. Kí ẹni tí ọkàn rẹ̀ wà níbẹ̀ má ṣe san $350 owó ìforúkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń pè ní SEVIS àti $185 owó físà kí ó tó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà dé. Ní ti Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, tí owó wọn kò wọ́n, kí a rántí pé ní Ṣẹ́rẹ́ 2024 ìjọba Nàìjíríà dá gbígba ìwé ẹ̀rí láti ibẹ̀ dúró lẹ́yìn tí oníròyìn kan gba oyè ní Kùtọnu láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ìwé ẹ̀rí tí a kò gbà kì í ṣe olówó pọ́ọ́kú.

Ìpàdé ẹbí ni ó yẹ kí gbogbo èyí parí sí, kì í ṣe ìpàdé àdúrà nìkan. Kí a kọ orúkọ ẹni tí yóò mú owó wá, iye rẹ̀ àti ọjọ́ rẹ̀ sínú ìwé kan, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí i, kí a má sì ka ìlérí ẹni tí kò tíì fọwọ́ sí i mọ́ owó. Kí a má ta ilẹ̀ ẹbí ní ìkánjú nítorí ọjọ́ CAS, nítorí pé ẹni tí ó mọ̀ pé olùtà ń sáré kò ní san iye tó tọ́, ẹnì kan kò sì ní ẹ̀tọ́ láti dá ta ohun tí ó jẹ́ ti gbogbo ẹbí. Bí a bá ṣe ìṣirò tán ní òpin Òkúdù tí owó oṣù méjìlá kò sì pé, ohun tí ó tọ́ ni kí a kọ̀wé sí yunifásítì pé kí wọ́n sún ìgbàwọlé náà sí ọdún tó ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ń gbà bẹ́ẹ̀ bí a bá tètè béèrè, kajú ọdún mìíràn yóò sì ti wọlé kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé.